Òkúta Ẹ̀bá Ọ̀nà: Ìtàn Ojú Irin Láti Ìddó Dé Abẹ́òkúta

 

Lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà la fẹ́ bá yín sọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ gbogbo bọ́sitọ́ọ̀pù láti Agége dé Ìfọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìtàn ibẹ̀, wọ́n á máa wò yín. Nínú ìwé Jóṣúà orí 4, lẹ́yìn tí Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, Ọlọ́run ní kí wọ́n to òkúta méjìlá jọ, torí lọ́jọ́ iwájú àwọn ọmọ á béèrè ohun tí òkúta náà wà fún. Àwa náà ní òkúta tiwa o. Ẹ̀bá ojú irin ló wà.

Kí rélùwéè tó dé, ẹni tó bá fẹ́ ti Èkó lọ Abẹ́òkúta á fi ẹsẹ̀ rìn, ẹrù á wà lórí, tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú omi gba Odò Ògùn lọ dé Aró. Ọ̀nà Bàdágírì ni Henry Townsend gbà ní tirẹ̀, tó fi wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843. Ẹsẹ̀ ni ìhìnrere kọ́kọ́ fi rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá.

Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Èkó. Nígbà tó di 1901, wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé nítorí ìgbádùn wa ni òyìnbó ṣe ṣe é. Epo pupa, èkùrọ́ àti òwú ni wọ́n fẹ́ kó dé etíkun. Àwọn Ẹ̀gbá sì ní ìjọba tiwọn nígbà náà, torí náà ìjọba Èkó ní láti bá wọn dúnàádúrà kí irin tó gba orí ilẹ̀ wọn.

Ẹ wo Agége. Jacob Kehinde Coker, ọmọ Abẹ́òkúta, dá oko kòkó ńlá sí Ìfàkò níbẹ̀. Bàbá yìí náà wà lára àwọn aṣáájú Ìjọ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1901, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ rí i pé òyìnbó ò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú darí. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ oko lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n bá ń padà sílùú wọn, irúgbìn kòkó á wà lọ́wọ́, ìhìnrere á wà lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ara wọn hù.

Ẹ wá sí Ìjù, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Omi tí wọ́n ń fà níbẹ̀ lọ sí Èkó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gbèrò pé kí àwọn ará Èkó sanwó omi náà, ariwo ta. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti ta kò ó.

Téṣàn tuntun tó wà ní Agbádó ń jẹ́ Lateef Jakande. Gómìnà yìí fẹ́ ṣe rélùwéè inú ìlú fún Èkó, ìjọba ológun sì fagi lé e ní 1985. Ẹ rántí àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń jókòó sórí òrùlé ọkọ̀ láti Ìjókò dé Ìddó láàárọ̀. Àìní náà ò kúrò nílẹ̀.

Ní Ìfọ̀, irin pín sí méjì: ọ̀kan kọrí sí Abẹ́òkúta, ọ̀kan gba Ìlaró lọ sí Ìdógò. Téṣàn Papalantó ń jẹ́ Funmilayo Ransome-Kuti, ìyá tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949.

Lẹ́yìn náà ni Wáàsinmi. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: ẹni tó ti rìn títí ni wọ́n ń pè kó wá sinmi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1918, ìsinmi ò sí lójú irin yìí. Ìjọba ti gba òmìnira Ẹ̀gbá ní 1914, ó gbé owó orí dé, ó sì ń fi tipátipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́. Inú bí àwọn ará oko, wọ́n hú irin, wọ́n gé wáyà tẹligíráàmù. Ogun Àdùbí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ṣòfò.

Ẹ̀yin ará, ìdí tí a fi ń sọ èyí nìyí. Ilé téṣàn àtijọ́ ń wó, wọ́n ń gé igi ààlà, wọ́n ń ta ilẹ̀. Àwọn kan nínú ara Kristi sì ń sọ pé ká yí gbogbo orúkọ àdúgbò àtijọ́ padà, pé ti ẹ̀mí ò sí nínú rẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 28. Jékọ́bù sọ ibẹ̀ ní Bẹ́tẹ́lì lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bíbélì ò fi bò pé Lúsì ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí Ẹ̀mí Mímọ́ ò bá pa orúkọ àtijọ́ rẹ́, ta ni wá? Òwe 22 ẹsẹ 28 náà kìlọ̀ pé kí a má ṣí ààlà àwọn baba nídìí. Ẹni tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá ti kàn ní agbègbè wa mọ ohun tí à ń wí: bàbá àgbà tó mọ ibi tí ààlà wà ni ẹlẹ́rìí tó kù, bó bá sì ti lọ, ó parí.

Torí náà, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó ti bàbá tàbí ìyá àgbà kan. Ẹ béèrè orúkọ àdúgbò, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, ohun tó wà níbi tí ilé epo wà báyìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù gba ohùn wọn. Ọmọ tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.

Olúwa ò ní jẹ́ kí ìrántí wa parun. Ẹ bá wa pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yín.