Wíwá Alágogo Tuntun fún Àwọn Ilé Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ilé ìjọ tí ó ní agogo ńlá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nínú ilé ìṣọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan ní í máa ń fa agogo kan. Nítorí náà, bí agogo bá jẹ́ 6, tí alágogo sì ku 3, agogo 3 yóò dákẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ohun tí ó ń kọ àwọn ẹgbẹ́ alágogo lóminú nìyí: àwọn àgbà ń darúgbó, àwọn tí yóò gba okùn lọ́wọ́ wọn kò sì pọ̀ tó.

Kí ẹ̀yin olùkà wa má ṣe rò pé bí a ti ń fa agogo ìjọ nílé náà ni. A so agogo kọ̀ọ̀kan mọ́ àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tí okùn yí ká. Bí a bá ti fà á, agogo náà yóò yí po láti ìdojúsókè dé ìdojúsókè, yóò sì tún yí padà. Ohun tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fi kọ orin. Dípò orin, àwọn alágogo a máa pààrọ̀ ipò láàárín ara wọn, tí ẹni tí ó ṣáájú yóò di ẹni ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà 720 ni a lè gbà to agogo 6. Ti agogo 7 jẹ́ 5,040, èyí tí ó ń gbà tó wákàtí mẹ́ta. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọdún 1668 ni ìwé Tintinnalogia jáde lórí rẹ̀.

Àwọn alágogo bí 1,400 ni a mọ̀ nígbà náà pé wọ́n kú nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ní ọdún 2018, Central Council of Church Bell Ringers, tí a dá sílẹ̀ ní 1891, ké sí 1,400 ènìyàn láti wá dí àlàfo wọn. Àwọn tí ó jẹ́ ìpè náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àrùn Kòrónà pa agogo lẹ́nu mọ́ ní 2020. Wọ́n sì tún ké sí ènìyàn fún ìdádélórí Ọba Charles Kẹta ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2023.

Ìpè bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n lójú tiwa, pípe ènìyàn kò le tó dídá a dúró. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni olùkọ́ kan yóò fi dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ okùn. Wọ́n a máa so ahọ́n agogo kí aládùúgbò má baà bínú. (Aládùúgbò tí ó bínú kì í di alágogo.) Ẹgbẹ́ tí kò bá ní olùkọ́ onísùúrù yóò pàdánù àwọn tí ó wá.

Ìbẹ̀rù tún wà tí ó yẹ kí àlùfáà tètè mú kúrò. Kò di dandan kí ènìyàn mọ ìwé orin kà, agbára kọ́ sì ni a fi ń fà á bí kò ṣe ìmọ̀. Obìnrin kan, Alice White, ti bá wọn fa odindi ìlù gígùn parí ní 1896. Ṣíṣí ilẹ̀kùn ilé ìṣọ́ sílẹ̀ fún ìjọ lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n gòkè lọ fojú rí i, a máa fa ènìyàn ju ìkéde lọ.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń jọ́sìn ní ìjọ Áńgílíkà ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú mìíràn lè béèrè lọ́wọ́ àlùfáà wọn ìrọ̀lẹ́ wo ni ìdánrawò máa ń wáyé. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, kí òbí kọ́kọ́ tẹ̀ lé e lọ.