Pèrègún àti Àwọn Ewé Aláràbarà: Ìtàn Ọgbà Ìgboro

Àwọn kan máa ń sọ ọ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé, pé ọgbà ẹwà kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá kí àwọn òyìnbó tó dé, àti pé ohun tí àwọn baba wa mọ̀ kò ju oko àti igbó lọ. Bí ó bá jẹ́ ibi tí a to òdòdó sí ní ìlà-ìlà kí a lè máa wò ó ni à ń wá, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè irú igi àti ewé tí àwọn ará ìgboro fi ọwọ́ ara wọn gbìn sí ojúde, sí ẹ̀yìnkùlé àti sí ààlà ilé, ìtàn náà yóò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a mú pèrègún. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ewé rẹ̀ gùn, ó sì ń dán. Bí a bá gé ọ̀pá rẹ̀, tí a fi gún ilẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi ta gbòǹgbò. Ọ̀dá kì í tètè pa á, kì í sì í ràn káàkiri bí èpò. Ìwà rẹ̀ yìí ni ó sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí ilẹ̀. Nígbà tí ẹbí méjì bá pa ààlà, pèrègún ni wọn a gbìn sí i, nítorí pé òkúta ṣeé gbé kúrò lóru, ṣùgbọ́n ta ni yóò hú ìlà pèrègún tí ó ti wà níbẹ̀ láti ayé baba-ńlá, tí àdúgbò kò ní mọ̀? Títí di òní ni a ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ní kóòtù. Ní ojúbọ Ògún pàápàá, a kì í ṣàìrí i.

Akòko ní iṣẹ́ tirẹ̀: bí a kò bá fi ewé rẹ̀ lé ẹni lórí, ìwúyè kò tíì pé. Ọdán ni igi ojúde ọba àti ti ọjà, tí òjìji rẹ̀ gba àgbà àti ọmọdé. Àwọn igi mìíràn sì wà tí wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún àdúgbò: Ìdí-Àràbà àti Ìdí-Orò ní Èkó, Ìdí-Apẹ́ ní Ìbàdàn. N kò sọ pé nítorí ẹwà nìkan ni a ṣe gbin ọ̀kankan nínú wọn o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbin ọdán kí ènìyàn lè rí ibi jókòó sí ní ọ̀sán gangan, mo rò pé ológbà ni.

Ewé tútù ni gbogbo wọn. Ewé pupa, ewé aláwọ̀ ìyeyè àti èyí tí ó ní àmì tóótòòtó, láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Croton tí ó kún ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọmọ erékùṣù ìhà Ìlà-Oòrùn ni. Rumphius, ará Jámánì tí ó bá ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Dọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Ambon, ti kọ nípa rẹ̀ kí ó tó kú ní 1702. Láàárín 1864 sí 1866, John Gould Veitch, ọmọ ìdílé olówò òdòdó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rin àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì, ó sì kó croton aláràbarà àti acalypha, tí ewé rẹ̀ dà bí bàbà, wá sí ilé. Àpótí onígíláàsì tí Dókítà Ward ti pilẹ̀ ní ìlú London ni ó mú irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ rọrùn: omi tí ewé bá mí jáde a tún padà sórí iyẹ̀pẹ̀, iyọ̀ òkun kò sì lè kàn án.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yìí. Ní ilẹ̀ Papua New Guinea, igi kan wà tí ó jọ pèrègún púpọ̀, àmọ́ tí ewé rẹ̀ sábà máa ń pupa. Cordyline ni orúkọ rẹ̀. Ààlà ilẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ náà ń fi í pa. Ènìyàn méjì tí wọn kò rí ara wọn rí ni wọ́n ronú kan ohun kan náà.

Ní 1887 ni Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìjọba sílẹ̀ ní Ebúté-Mẹ́ta, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹwà ni wọ́n ń wá: kòkó, kọfí àti rọ́bà ni, ohun tí yóò mú owó wọlé. Henry Millen tí ó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ nígbà kan fi ewé àti ẹ̀ka ránṣẹ́ sí ọgbà Kew; ní 1894, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ igi kan, Cordia millenii. Igi ọ̀mọ̀ ni, tí àwọn agbẹ́gilére wa ti ń gbẹ́ ìlù láti ìgbà tí a kò lè kà. Ọdún mélòó ni Millen lò níhìn-ín tí igi onílù fi di tirẹ̀?

Láti ọgbà ilé ìjọba àti ti ìjọ ni àwọn ewé aláràbarà ti wọ ilé-ẹ̀kọ́, láti ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ti wọ ilé tíṣà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti fi àdá gé acalypha nítorí pé a pẹ́ dé. Pánṣẹ́kẹ́ dé láti Madagásíkà, ó sì gba orúkọ lọ́wọ́ ìró èso rẹ̀. Àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta ń jẹ́ ẹ. Igi furúùtù náà dé láti Éṣíà, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kí ó tó wọ́wé. Croton ni ó ṣòro jù fún ará ìgboro ayé òde òní, nítorí pé oòrùn ni ó ń fún un ní àwọ̀. Bí ilé alájà mẹ́ta bá bò ó mọ́lẹ̀, kò ní kú, ṣùgbọ́n yóò padà di ewé lásán.

Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú kò jẹ́ kí orúkọ ewé wọn parẹ́. Pèrègún àti akòko ń hù nínú ọgbà ilé òrìṣà wọn, orúkọ tí a ń pè wọ́n níhìn-ín ni wọ́n sì ń jẹ́ níbẹ̀. Ìrókò kò sí ní ilẹ̀ náà, nítorí náà wọ́n fi igi kan tí wọ́n ń pè ní gameleira rọ́pò rẹ̀, wọ́n pè é ní Ìrókò, wọ́n sì ta aṣọ funfun mọ́ ọn. Ní 1984, ìjọba Bùràsíìlì gbà láti dáàbò bo Casa Branca, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ilé òrìṣà wọ̀nyí: nǹkan bí 6,800 mítà onígun mẹ́rin ilẹ̀ láàárín ìgboro, tilé tigi.

Ní ọ̀dọ̀ wa, sìmẹ́ńtì ni a ń dà sí ojúde. Bẹ́ẹ̀ sì ni pèrègún ti rin ìrìn-àjò tirẹ̀. Linnaeus ti sọ ọ́ lórúkọ ní 1762, ó pè é ní olóòórùn dídùn nítorí òdòdó rẹ̀ tí ń ta sánsán lóru. Àwọn ológbà òyìnbó ṣa irú kan tí ó ní ìlà ìyeyè láàárín ewé, wọ́n pè é ní Massangeana, ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n sì ń gé gbìn kí ìlà náà má baà sọnù. Òun ni ó wà nínú ìkòkò ní ọ́fíìsì ní London àti New York.

Òun náà ni mo rí lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Èkó. Mo béèrè orúkọ rẹ̀.

“Dracaena ni, bàbá,” ni ó wí. “Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá.”

Lẹ́yìn rẹ̀, ní ìdí ògiri bulọ́ọ̀kù tuntun kan, pèrègún mẹ́rin wà ní ìlà kan ṣoṣo. Wọ́n ti gé wọn dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn ti tún ń rúwé.