Bí Ìwọ̀n Ṣe Sọ Oró Di Oògùn: Ìtàn Ewé Foxglove

Digoxin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí ó pẹ́ jù lọ nínú èyí tí àwọn dókítà ṣì ń kọ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bí ó ti yẹ, ó sì wà lára àwọn tí ó gba ìṣọ́ra jù lọ, nítorí pé ààyè tí ó wà láàárín ìwọ̀n tí ń ran aláìsàn lọ́wọ́ àti ìwọ̀n tí ń ṣe é léṣe kéré púpọ̀. Bí ọkàn bá rẹ̀ báyìí, omi a máa gbárajọ sí ẹsẹ̀, ikùn àti ẹ̀dọ̀fóró, ẹsẹ̀ a wú, mímí a sì nira, pàápàá bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀. Kí ó tó yé àwọn oníṣègùn Yúróòpù pé ọ̀pọ̀ irú wíwú bẹ́ẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ ọkàn wá, wíwú náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n kà sí àìsàn, irú èyí tí Yorùbá ń pè ní ògùdùgbẹ̀. Ewé tí ìtàn digoxin ti bẹ̀rẹ̀, tí ń fa omi yìí kúrò lára, ti wà lọ́wọ́ àwọn ará oko tipẹ́tipẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ó gba àwọn oníṣègùn ní nǹkan bí igba ọdún kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n dájú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1775, wọ́n béèrè èrò William Withering, dókítà tí a bí ní ìlú Wellington ní 1741 tí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Edinburgh, lórí àgbo ògùdùgbẹ̀ kan tí ìyá àgbà kan ní agbègbè Shropshire ti fi ṣe àṣírí fún ìgbà pípẹ́, tí ó sì ń fi wo àwọn tí apá dókítà kò ká mọ́. Ogún ewé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó wà nínú àgbo náà, ó sì máa ń mú kí aláìsàn bì, kí ó sì yàgbẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n Withering, tí ó mọ ewé bí ó ti mọ aláìsàn, tètè rí i pé foxglove, ewéko gíga tí òdòdó aláwọ̀ àlùkò rẹ̀ ń so rọ̀ bí aago, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Withering kò kọ orúkọ ìyá náà sílẹ̀. Orúkọ “Mother Hutton” tí àwọn kan ń pè é, inú ìpolówó ilé-iṣẹ́ oògùn kan ní Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún ogún ni ó ti jáde, ó sì bani nínú jẹ́ pé ẹni tí ìmọ̀ náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá kò ní orúkọ tòótọ́ kankan nínú ìtàn.

Ní Birmingham, níbi tí Withering ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń yọ wákàtí kan sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ láti gba àwọn aláìní nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tí ń wá bẹ́ẹ̀ sì tó 2,000 sí 3,000 lọ́dún. Lára wọn ni ó ti kọ́kọ́ lo foxglove, ó sì tètè rí i pé ó ń mú wọn tọ̀ dáadáa tí ara wíwú fi ń fà. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, oògùn tí ó ń fún wọn ti pọ̀ jù, ó sì ń pẹ́ jù kí ó tó dá a dúró. Kò yẹ kí òpìtàn fo ìjẹ́wọ́ yìí dá, torí ara àwọn tálákà wọ̀nyí ni a ti kọ́ ìwọ̀n tí ó wá dáàbò bo àwọn yòókù.

Ohun tí àìmọ̀wọ̀n lè fà hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ oníṣòwò kan láti Yorkshire tí Withering mẹ́nu bà. Ìyàwó ọkùnrin náà bu ẹ̀kúnwọ́ ewé foxglove tútù, ó sè é nínú omi tí kò ju nǹkan bí ife kan lọ, ó sì fún ọkọ rẹ̀ mu tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi wo èémí tí kì í já geere. Nígbà tí dókítà máa fi rí i, ó ń bì láìdáwọ́dúró, ojú rẹ̀ kò ríran kedere mọ́, ọkàn rẹ̀ sì ń lù ní ìgbà 40 péré ní ìṣẹ́jú kan. Orí ló yọ ọ́.

Ní 1785 ni ìwé Withering jáde, ó sì to ọ̀rọ̀ aláìsàn 163 tí òun fúnra rẹ̀ tọ́jú sínú rẹ̀, àwọn tí ara wọn yá àti àwọn tí ó kú, torí ó gbà pé títo kìkì àwọn tí ó yè lòdì sí òtítọ́. Ó pa sísè tì, nítorí pé ọwọ́ ẹni tí ń sè é kì í bára dọ́gba, ó sì fura pé sísè pẹ́ lè dín agbára ewé náà kù; ó kọ́kọ́ ń da omi gbígbóná lé ewé gbígbẹ, lẹ́yìn náà ó ń lọ̀ ọ́ kúnná, ó sì fi gíréènì 1 sí 3, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí mílígíráàmù 65, lélẹ̀ fún lílò lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́. Ohun tí ó níye lórí jù nínú ìwé náà ni ìlànà ìdádúró: kí a máa lo oògùn náà títí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi hàn lára kídìnrín, inú, ìlù ọkàn tàbí ìfun, kí a sì dá a dúró ní gẹ́rẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá ti hàn. Ó kọ àmì àpọ̀jù rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, òòyì, ọkàn tí ń lù lọ́ra, àti ojú tí ń rí nǹkan ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè.

Ọ̀pọ̀ dókítà ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò náání ìkìlọ̀ wọ̀nyí, wọ́n ń fi foxglove wo ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti wèrè pàápàá. Ní àkókò kan náà, irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ Áfíríkà nínú oró ọfà. Nígbà ìrìn-àjò David Livingstone sí odò Zambezi, John Kirk, tí ó bá a lọ, ṣàkíyèsí pé ìlù ọkàn òun lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí oró ọfà kan búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín òun, Thomas Fraser ní Edinburgh sì yọ strophanthin jáde láti inú ohun tí wọ́n fi ń ṣe oró náà, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ lára ọkàn jọ ti foxglove. Ìbátan ewéko tí ó ti yọ ọ́, Strophanthus hispidus, ń hù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, àwọn ọdẹ sì ti ń fi í sí ọfà kí dókítà kankan tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Agbára ewé kan kì í bá ti èkejì dọ́gba, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń dán an wò lára ọ̀pọ̀lọ́ àti ológbò, títí di 1930 tí Sydney Smith ti ilé-iṣẹ́ Burroughs Wellcome yọ digoxin jáde láti inú ewé Digitalis lanata, ìbátan foxglove. Láti ìgbà náà ni a ti lè fi mílígíráàmù wọn ọ́n, bíi 0.125 tàbí 0.25 nínú hóró kan. Síbẹ̀, ní 1971, ìwádìí fi hàn pé hóró oògùn tí a kọ ìwọ̀n kan náà sí lára lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é bá yàtọ̀. Ọdún méjì ṣáájú, ní 1969, ni Thomas Smith àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti tẹ ọ̀nà tí a fi lè wọn oògùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jáde, tí dókítà kò fi ní láti dúró de èébì mọ́ kí ó tó mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù.

Wíwọ̀n yìí jẹ́ kí ìdí ọ̀pọ̀ ìlànà òde òní hàn gbangba. Kídìnrín ni ó ń lé digoxin jáde, nítorí náà ni àgbàlagbà tí kídìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa fi ń lo ìwọ̀n tí ó kéré. Oògùn tí ń mú ni tọ̀ lè dín pòtásíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ kù, kí digoxin sì tipa bẹ́ẹ̀ di oró láì tíì pọ̀ jù. Àwọn oògùn mìíràn bíi amiodarone àti verapamil a sì máa sọ ọ́ di púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bákan náà, ìdajì rẹ̀ ṣì máa ń wà nínú ara lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ kan àtààbọ̀, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kídìnrín kò bá le, ìdí tí a fi ń kọ̀ fún ẹni tí ó gbàgbé oògùn àná láti lo méjì pọ̀ lónìí. Ní 1997, ìwádìí kan lára aláìsàn 6,800 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fi hàn pé digoxin kò dín iye àwọn tí ń kú kù, bí ó tilẹ̀ dín iye àwọn tí àìsàn ọkàn yìí ń gbé dé ilé ìwòsàn kù, àwọn dókítà sì ti wá ń lo ìwọ̀n tí ó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Fún ẹni tí ó bá gbé e mì jù, Thomas Smith kan náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1976 fi èròjà tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ àgùntàn, tí ń lẹ̀ mọ́ digoxin tí kò fi lè ṣiṣẹ́ lára ọkàn mọ́, gba ẹ̀mí aláìsàn kan là, èròjà náà sì ni àwọn ilé ìwòsàn ńlá ṣì ń lò títí di òní.