Asẹ́ Kọfí: Obìnrin Dresden, Ìṣó, àti Bébà Inú Ìwé Ọmọ Rẹ̀

Kọfí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Mi ò sọ̀rọ̀ nípa ti inú agolo tí a ń da omi gbígbóná lé, tí yóò sì yọ́ lójú ẹsẹ̀. Kóró kọfí gidi ni mo ní lọ́kàn, èyí tí wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀, tí omi gbígbóná sì fa adùn inú rẹ̀ jáde. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ẹ̀rọ wo ni kí àwọn rà kí kọfí ilé àwọn lè dà bíi ti àwọn ilé kọfí olówó gọbọi ní Lẹ́kì. Èsì mi kì í gùn: ẹ fi owó yín sápò, ẹ lọ wá asẹ́. Tí ẹ bá tọ ìtàn kọfí inú ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, ẹ ó rí i pé ìtàn asẹ́ ni.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó ta aṣọ sẹ́nu ike, a ó máa bu omi sí i, a ó máa fọwọ́ rò ó. Ohun tí a fẹ́ á kọjá, èérí á kù sínú aṣọ. Bí ojú aṣọ bá fẹ̀ jù, èérí á bá ògì lọ, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu nígbà tí ẹ bá ń mu ẹ̀kọ. Bí ojú rẹ̀ bá dí jù, ẹ ó sẹ́ ẹ títí apá yóò fi ro yín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọfí rí. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé fi ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan wá ojú asẹ́ tó yẹ ẹ́.

Nígbà tí kọfí kọ́kọ́ di ohun mímu, kò sí asẹ́ kan tó ṣe gbòógì. Etiópíà ni igi rẹ̀ ti wá. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn Súfì ní Yemen ń mu ún kí oorun má baà gbé wọn níbi àdúrà òru. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, ilé kọfí ti wà ní Istanbul. Ohun tí àwọn ará Tọ́kì ṣe, tí wọ́n sì ń ṣe títí dòní, ni pé wọ́n á lọ kọfí náà kúnná bíi ẹ̀lùbọ́, wọ́n á sè é nínú ìkòkò kékeré ọlọ́wọ́ gígùn, wọ́n á dà á sínú ife pẹ̀lú gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì dúró kí ó rọ̀ sísàlẹ̀. Sùúrù ni asẹ́ tiwọn. Ní Etiópíà, ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní jebena ló ń ṣiṣẹ́ náà, wọ́n á sì rọra dà á kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má baà ta pútú. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ ki irun ẹṣin sẹ́nu rẹ̀ kí ó lè dá a dúró.

Nígbà tí kọfí dé Yúróòpù, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sè é bí ẹni ń se àgbo, wọ́n ń sè é lọ́jọ́ kejì lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná, wọ́n wá ń fi funfun ẹyin tàbí awọ ẹja sí i kí ó lè mọ́. Ẹ gbọ́ o, awọ ẹja nínú kọfí! Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Thompson, tí wọ́n fi oyè Count Rumford dá lọ́lá, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ooru, bínú sí ọ̀rọ̀ yìí débi pé ó kọ odindi àpilẹ̀kọ lé kọfí lórí ní ọdún 1812. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé òórùn dídùn kọfí máa ń bá ooru lọ bí ó bá ti ń hó, nítorí náà kí omi gbóná, ṣùgbọ́n kí kọfí fúnra rẹ̀ má hó. Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀.

Aṣọ ni mẹ̀kúnnù ń lò, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti kan ìran wa gbọ̀ngbọ̀n. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú ní Saint-Domingue, tó di Haiti lónìí, dìde ní ọdún 1791, ọ̀pọ̀ àwọn olóko Faransé sá lọ sí ìlà-oòrùn Kúbà, wọ́n sì gbin kọfí sórí òkè ibẹ̀. Àwókù àwọn oko náà ṣì wà, UNESCO sì ti fi wọ́n sínú àwọn ibi àjogúnbá ayé láti ọdún 2000. Bí Ọ̀yọ́ Ilé ṣe ń dà wó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun ń jà káàkiri, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó tà sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lucumí, àti sí Bràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ Nàgó. Ìrèké àti iṣẹ́ ìgboro gba púpọ̀ lára wọn, ṣùgbọ́n oko kọfí náà gba tirẹ̀. Kúbà kò fòpin sí oko ẹrú títí di ọdún 1886, Bràsíìlì di 1888. Kọfí tí àwọn ará Yúróòpù ń mu láàárọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, ọwọ́ ẹrú ló ti já púpọ̀ nínú rẹ̀ lórí igi.

Ní Kúbà àti Bràsíìlì, asẹ́ tó wọ́pọ̀ nínú ilé ni àpò aṣọ kan tí wọ́n rán mọ́ wáyà róbótó bí ẹnu ife, tó rí bí ìbọ̀sẹ̀ tó fà sísàlẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i yóò ní, “Aṣọ ògì rèé!” Ó ṣì wà títí dòní. Nínú ìdílé àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn Lucumí, ife kọfí wà lára ohun tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún àwọn Egún, àwọn òkú ọ̀run wọn. Omi tútù, obì àti ọtí ni àwa nílé mọ̀ mọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi kì í lè ronú kan ife kọfí yẹn láìrántí oko tí a ti ká a.

Aṣọ ní àléébù tirẹ̀. Epo kọfí máa ń wọ inú òwú rẹ̀, bí ẹ kò bá tọ́jú rẹ̀, ó máa kan, kọfí ọ̀la á sì máa run kọfí ìjẹta. Ìṣòro yìí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Melitta Bentz.

Ìyàwó ilé ni ní ìlú Dresden, ní Jámánì. Ọmọ ọdún 35 ni ní ọdún 1908, ó sì ti bí ọmọkùnrin méjì, Willy àti Horst, fún ọkọ rẹ̀, Hugo. Ìkorò kọfí òwúrọ̀ àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí ife ti sú u. Ó mú ìkòkò idẹ kékeré kan, ó fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ ní ihò. Nígbà náà, yíǹkì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ̀wé, bébà kan tó máa ń fa yíǹkì mu sì máa ń wà nínú ìwé wọn kí iṣẹ́ wọn má baà dàrú. Melitta ya irú bébà yìí nínú ìwé ọmọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ihò náà, ó da kọfí lílọ̀ lé e, ó sì rọra da omi gbígbóná sí i. Ohun tó kán sísàlẹ̀ mọ́ gaara, kò sì korò bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá mu tán, bébà àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ di jíjù nù pa pọ̀. Kò sí aṣọ fífọ̀.

Tí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, a kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ wo bí ìyá wa mélòó ṣe hùmọ̀ nǹkan sẹ́yìn àdògán tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀! Ti Melitta yàtọ̀ nítorí pé ó lọ forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1908, ilé iṣẹ́ ìjọba ní Berlin tó ń dáàbò bo ohun tí ènìyàn hùmọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ń gbé, orúkọ tó sì fi sílẹ̀ ni M. Bentz. Owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò pé máàkì kan. Ẹ rántí pé obìnrin Jámánì kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nígbà yẹn, ọdún 1918 ni wọ́n fún wọn. Ọkọ ń bá a polówó, àwọn ọmọ ń fi ọmọlanke kó ọjà lọ fún oníbàárà. Níbi ọjà àfihàn Leipzig ní ọdún 1909, wọ́n ta ju 1,000 asẹ́ lọ.

Ogun Àgbáyé Kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Wọ́n mú Hugo wọṣẹ́ ológun, bébà di ohun tí ìjọba ń pín, kọfí kò sì wọlé láti òkè òkun mọ́. Páálí ni Melitta ń tà láti bọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ náà tún gbòòrò, wọ́n kó lọ sí ìlú Minden ní ọdún 1929. Nígbà tó gbé ilé-iṣẹ́ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ló gbájú mọ́: owó ọdún Kérésìmesì, ìsinmi ọjọ́ 15 lọ́dún, iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó kú ní ọdún 1950.

Bébà yẹn tún ń ṣe iṣẹ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ní ọdún 1983, àwọn olùwádìí ní Tromsø ní Nọ́wè, níbi tí wọ́n ti ń se kọfí tí wọn kì í sẹ́ ẹ, ròyìn pé bí ènìyàn ṣe ń mu kọfí tó ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí i pé nǹkan kan nínú epo kọfí, tó ń jẹ́ cafestol, ló fà á, àti pé bébà máa ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Nítorí náà, ẹ̀yin tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, bébà ni kí ẹ lò.

Àwọn tó dé lẹ́yìn Melitta pọ̀, n ò ní í pẹ́ lórí wọn. Ìkòkò onítẹ̀mọ́lẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ti Faransé, àwọn ará Milan ló gbàwé àṣẹ lé e ní 1929. Asẹ́ irin ni tirẹ̀, epo kọfí ń kọjá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ki lẹ́nu. Alfonso Bialetti gbé ìkòkò alúmíníọ̀mù tirẹ̀ jáde ní Ítálì ní 1933. Peter Schlumbohm, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Jámánì tó lọ gbé ní Amẹ́ríkà, fi gíláàsì tó rí bíi ti yàrá ìwádìí ṣe Chemex ní nǹkan bí 1941. Alan Adler, tó ti ṣe ohun ìṣeré tí ń fò lójú ọ̀run, ṣe AeroPress ní 2005. Ẹ wò wọ́n dáadáa, asẹ́ ni gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ wá kàn wá nílé. A ń gbin kọfí ní Nàìjíríà. Ó wà ní Kàbà láàárín àwọn ará Òkun, ó wà lórí òkè Mambilla ní Taraba, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́, n'Ìbàdàn, sì ń ṣèwádìí lórí rẹ̀ mọ́ obì àti kaṣú. Síbẹ̀, èyí tó ń yọ́ nínú omi, tí Nestlé gbé jáde ní 1938, ni “kọfí” túmọ̀ sí lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa. Inú mi kì í dùn sí i pé ará Kàbà lè gbin kọfí títí kó má mọ bí tirẹ̀ ṣe ń dùn tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é. Ẹ wá kóró tí wọn kò tíì yan pẹ́. Ẹ lọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ọlọ́wọ́, tàbí kí ẹ gún un nínú odó kékeré tó mọ́, kí ó rí bíi gààrí lẹ́bú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ onílọta! Ìwọ̀n gíráàmù 15, ìyẹn ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó dọ́gba, tó fún omi mílílítà 250. Kí omi hó, kí ẹ gbé e kúrò lórí iná, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú ààbọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná rin bébà tàbí aṣọ náà, ẹ da omi yẹn nù. Ẹ wá da kọfí sí i, ẹ fi omi díẹ̀ rin ín, ẹ ó rí i tí yóò wú, tí yóò máa yọ ìfófòó. Ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà, ẹ máa da ìyókù yípo, díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ kán tán ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ó bá korò jù, ó ti kúnná jù. Bí ó bá kan lẹ́nu, tí kò sì ní agbára, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná sí i.

Bí aṣọ ni ẹ lò, kí ó jẹ́ òwú funfun tí kò ní aró. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láé. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ wá rì í sínú omi tó mọ́ nínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Bí òórùn rẹ̀ bá ti yí padà, ẹ gé òmíràn.