Amuró Kì Í Ṣe Aséró

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ akọrin tó ń gbé Òkòta, Ìlasamàjà àti Máfolúkù ní Èkó kò wọ sítúdíò ńlá rí. Inú yàrá tí wọ́n ń sùn ni wọ́n ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀: máìkì kan, kọ̀ǹpútà kan, hẹ́ẹ̀dífóònù kan, ó parí. Lọ́dún 1922, Lọ́ńdọ̀nù ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wà nígbà tí ilé-iṣẹ́ Zonophone gba àwọn orin ìyìn rẹ̀ sínú àwo. Iṣẹ́ tí wọ́n bá a ṣe lókè òkun nígbà náà ti di iṣẹ́ ìyẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀wù Èkó kì í dá wà. Alájọgbé wà lẹ́yìn ògiri, òmíràn wà lókè àjà. Ariwo ìta ń wọlé wá bá máìkì, ohùn akọrin náà sì ń jáde lọ bá ẹni tó fẹ́ sùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo là ń pe oògùn gbogbo rẹ̀: sáńdípúrúùfù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ná ọ̀pọ̀ ènìyàn lówó. Akọrin á bá oníṣòwò lójà, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ sáńdípúrúùfù.” Ẹ̀gbọ́n á fi fóòmù lé e lọ́wọ́, fóòmù olójú gọntọ-gọ̀ǹtọ̀ tí à ń rí nínú fídíò. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, àwọn mìíràn a tiẹ̀ fi páálí ẹyin kún un. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́ òru, ó ki orin mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, lánlọ́ọ̀dù kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún un o. Fóòmù náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí akọrin fẹ́ kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ méjì ló wà lábẹ́ orúkọ kan, ibẹ̀ ni a sì ti nílò Yorùbá tó dá ṣáká.

Nígbà tí àwọn baba wa ń sọ nǹkan tuntun lórúkọ, ìrísí nǹkan náà tàbí iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n ń wò. Rẹ́kọ́ọ̀dù rí pẹrẹsẹ, wọ́n pè é ní àwo. Rédíò ń sọ̀rọ̀, kì í dúró gba èsì, ó di asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọ̀nà kan náà ni àwọn onímọ̀ èdè tọ̀ nínú ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1984. Àwọn ló pe ìró bíi b àti t ní àsénupè, nítorí pé a ń sé atẹ́gùn mọ́ ẹnu kí a tó tú u sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn, sé, ni mo fẹ́ yá. À ń sé odò, ó ń di ìsédò. Ohun tó bá sé ìró mọ́ kí ó má baà kọjá, aséró ni kí á máa pè é. Ìwúwo àti dídí pa ni aséró fi ń ṣiṣẹ́. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a rẹ́ dáadáa jẹ́ aséró gidi. Fóòmù tó fúyẹ́ bí òwú kò lè jẹ́ ẹ. Ìwúwo nìkan sì wọ́n: bí a bá sọ ìwọ̀n ògiri di ìlọ́po méjì, nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n líle ìró) 6 péré la máa rí yọ. Ibi tó sábà ń jò ni kí á kọ́kọ́ wò. Fèrèsé lúfà kò ṣeé sé, nítorí àlàfo wà láàárín gíláàsì kan sí èkejì. Abẹ́ ilẹ̀kùn ńkọ́? Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti lè gbà, ohùn náà á gbà á.

Iṣẹ́ kejì yàtọ̀. Bí o bá kọrin nínú yàrá tí kò ní ẹrù púpọ̀, ohùn á lu ògiri, á padà wá bá máìkì, orin á sì máa dún bí ẹni pé inú kànga lo wà. Fóòmù, aṣọ ìkélé àti búláńkẹ́ẹ̀tì a máa fa ìró bẹ́ẹ̀ mu. Amuró ni mo pè wọ́n, nítorí pé wọ́n ń mu ìró. Ẹni tó bá fẹ́ amuró kò nílò fóòmù olówó gọbọi. Ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n ń ná ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀. Búláńkẹ́ẹ̀tì nínípọn méjì láti ibẹ̀, tí a fi kọ́ sẹ́yìn àti sí ẹ̀gbẹ́ akọrin, ti tó. Kábọ́ọ̀dù tí aṣọ kún inú rẹ̀, tí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, amuró ni òun náà.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló yẹ ká sọ di Yorùbá. Máìkì ni kí máìkì máa jẹ́. Àwọn kan ń pè é ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, orúkọ yẹn kan náà ni wọ́n sì fún ẹ̀rọ tó ń ké lórí mọ́sálásí. Bẹ́ẹ̀, gbohùngbohùn fúnra rẹ̀ ni ìró tó lu òkè tó sì padà wá. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ kan fún ohun mẹ́ta á kó ìdàrúdàpọ̀ bá wa. Ní ti ohun tí a ń ta síwájú máìkì kí èémí má baà lù ú pọ̀ọ̀, asẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ń fi sítọ́kìn obìnrin tí wọ́n nà sórí wáyà ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí asẹ́ ògì gẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ “gbé ohùn sókè” náà ń fẹ́ àtúnṣe. Bí ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ bá sọ ọ́, ṣé kí akọrin pariwo ni, àbí kí ó gun òkè orin? Yorùbá tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré. Ẹ jẹ́ kí gíga ohùn jẹ́ ti orin, kí líle ohùn jẹ́ ti ariwo. Géènì, ìyẹn bí a ṣe jẹ́ kí máìkì máa gbọ́ tó, ńkọ́? Etí máìkì ni. Bí a bá ṣí etí máìkì sí i, tí akọrin sì súnmọ́ ọn, kò sídìí fún igbe. Bí ó bá dín àlàfo tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti máìkì kù sí ìdajì, ohùn tó wọlé á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 le sí i, láìjẹ́ pé aládùúgbò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Aládùúgbò sì ní òfin lẹ́yìn. LASEPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó àyíká, fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 ṣe gbèdéke ariwo ojú mọmọ ládùúgbò ibùgbé, ó sì fi 45 ṣe ti òru. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú mọmọ tí òfin fàyè gbà wá jù náà ni jẹnẹrétọ̀ ń ké, tí bàálù sì ń fò kọjá lórí Àjàò Estate bó ṣe ń lọ bà sí pápákọ̀ òfuurufú. Nítorí náà ni àwọn akọrin ṣe ń dúró de òru, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á pa fáànù nítorí ìró rẹ̀, wọ́n á máa làágùn kọ orin ẹsẹ kan ẹsẹ kan.

Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí bá wọ ẹnu káfíńtà àti oníṣòwò fóòmù, ọjà títà á yí padà. Ẹni tó bá béèrè amuró á gba fóòmù tàbí búláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá béèrè aséró, wọ́n á kọ́kọ́ bi í léèrè bí abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe rí. Rọ́bà tí wọ́n fi ń dí abẹ́ ilẹ̀kùn kò wọ́n tó fóòmù ògiri mẹ́rin, òun sì ni alájọgbé máa dúpẹ́ rẹ̀.