Ilé Tó Di Odi

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Aydon Castle yóò rò pé ọ̀gágun ló kọ́ ọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi ka ìtàn rẹ̀. Oníṣòwò olówó láti Suffolk ni Robert de Reymes tó kọ́ ọ. Bí ọ̀rúndún kẹtàlá ṣe ń parí lọ, ó wá tẹ̀dó sí Northumberland ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ìlú Corbridge. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ààlà Skọ́tíláǹdì, ṣùgbọ́n àlàáfíà ti wà níbẹ̀ pẹ́. Nítorí náà, ilé ìgbádùn ló kọ́.

Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, lórí bèbè gíga tí odò kékeré ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí olówó yìí ti ń jẹun, tó sì ti ń gba àlejò, òkè ló wà. Inú àgbàlá ni àtẹ̀gùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ara ògiri níta ni wọ́n sì mọ ọ́n sí. Fèrèsé gbọ̀ngàn náà tóbi, ó sì dára. Lójú tèmi, fèrèsé wọ̀nyí ni ẹ̀rí tó dájú jù. Ta ni yóò dá irú ihò bẹ́ẹ̀ sí ara ògiri bó bá ń retí ọfà?

Ní 1296, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tíláǹdì. Ní 1305, Ọba Edward Kìíní fún Robert níwèé àṣẹ láti sọ ilé rẹ̀ di olódi. Wọ́n mọ odi òkúta yí i ká, wọ́n gé orí odi ní eyín-eyín kí tafàtafà lè rí ibi fara pamọ́ sí. Owó ńlá ló bá a lọ, síbẹ̀ kò gbà á sílẹ̀. Ní 1315, ọdún kan lẹ́yìn ìjà Bannockburn, àwọn ará Skọ́tíláǹdì gba ilé náà, wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Ní 1317, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọlọ̀tẹ̀ ló tún gbà á. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: ará ilé náà di ọ̀tá!

Iná lè jó igi àti òrùlé, ṣùgbọ́n ògiri òkúta dúró. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn àgbẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, títí di 1966. Àtẹ̀gùn inú àgbàlá náà ṣì wà, òun ni àlejò òde òní ń gbà gòkè lọ sí gbọ̀ngàn.