Ẹni Tí Ìwé Rẹ̀ Kù Ni Ìtàn Ń Rántí

Ìtàn kan wà tí àwọn ọmọ Ìwàràjà lágbègbè wa tó ní fóònù lọ́wọ́ mọ̀ dáadáa, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà náà sì gbà gbọ́. Wọ́n ní Walt Disney ló dá kátúùnù sílẹ̀. Wọ́n ní òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya Mickey Mouse, àti pé Snow White tó gbé jáde ní 1937 ni kátúùnù gígùn àkọ́kọ́ láyé. Ní ti àwa ní Áfíríkà, wọ́n ní ti Disney nìkan là ń wò títí di ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Disney kan náà bá àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ Kugali ṣe kátúùnù Iwájú, tí Èkó fi di ohun tí ayé ń wò nínú kátúùnù. Mo fẹ́ràn Iwájú gan-an. Ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn yìí kò tọ́, ó sì ń fi ọ̀pọ̀ ènìyàn du ẹ̀tọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí eku náà bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó ya Mickey ni ọwọ́ Ub Iwerks. Nígbà tí Oswald, ehoro tí Disney fi ń jẹun, bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń bá a pín fíìmù ní 1928, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì bá wọn lọ, Iwerks kò lọ. Òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ya Plane Crazy tán, fíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ fi Mickey ṣe, ìròyìn sì ni pé ó ń ya àwòrán bí 700 lójúmọ́. Disney alára ti jáwọ́ nínú yíyà kó tó di ìgbà náà. Nígbà tí Steamboat Willie jáde ní New York lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1928, orúkọ Iwerks wà lójú àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, lábẹ́ ti Disney. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Kí ẹni tó bá ń jiyàn lọ wò ó.

Disney ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Ó mọ ìtàn í gbé kalẹ̀, ó mọ òṣìṣẹ́ í kó jọ, kò sì bẹ̀rù láti fi ohùn sínú àwòrán nígbà tí èyí ṣì ṣàjèjì. N kò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí orúkọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ máa gbé orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ mì.

Òun kọ́ ló sì bẹ̀rẹ̀. Ní 1892, Émile Reynaud ti ń fi àwòrán aláwọ̀ tó fọwọ́ yà, tó sì ń rìn, han àwọn èrò ìwòran ní Paris, kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Lumière tó gbé sinimá tiwọn dé. Émile Cohl ṣe Fantasmagorie ní 1908. Quirino Cristiani gbé El Apóstol jáde ní Buenos Aires ní 1917, kátúùnù gígùn tó fi ogún ọdún ṣáájú Snow White. Lotte Reiniger, obìnrin ará Jámánì, fi síọ́sì gé bébà dúdú di ènìyàn àti ẹṣin, ó sì ṣe ìtàn Ọmọ-ọba Achmed ní 1926. Tirẹ̀ ni kátúùnù gígùn tó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú àwọn tó ṣì wà láyé.

Kí ló dé tí a kò fi mọ̀ wọ́n? Ìbànújẹ́ mú Reynaud, ó kó púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ dà sínú odò Seine. Méjì péré ló kù nínú àwọn tó ń fi hàn ní Paris. Iná jó El Apóstol ní 1926, kò sì sí ẹ̀dà kan tí ẹnikẹ́ni lè wò lónìí. Ní ti Disney, láti 1938 ni ilé ìtajà Courvoisier ní San Francisco ti ń ta àwọn àwòrán Snow White gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Àwọn ènìyàn rà á, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Èrò mi nìyí, òun sì ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò: ẹni tí ìwé rẹ̀ kù ni ìtàn ń rántí. Kì í ṣe pé Disney ló ṣáájú. Tirẹ̀ ni wọ́n kó pamọ́.

Ẹni tí kò bá tíì rí ojúlówó àwòrán kátúùnù rí lè má mọ ohun tí à ń sọ. Kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà, fọ́tò 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwòrán kan sábà máa ń gba fọ́tò méjì, nítorí náà ìṣẹ́jú kan gbáko ń béèrè àwòrán 720. Olórí ayàwòrán á ya ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àti òpin rẹ̀, ọmọ-ẹ̀yìn á ya gbogbo ohun tó wà láàárín. Lẹ́yìn náà wọ́n á da ìlà rẹ̀ kọ sórí ike pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara, wọ́n á kun ọ̀dà sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á gbé e lé àwòrán ilẹ̀ àti igi, wọ́n á ya fọ́tò. Ní ilé-iṣẹ́ Disney, àwọn obìnrin ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìlà àti ọ̀dà yìí, orúkọ wọn kì í sì í sábà hàn nínú fíìmù. Nígbà míì, wọ́n á fọ ọ̀dà kúrò lára ike kí wọ́n lè tún un lò. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n ń fọ dànù yẹn!

Ṣùgbọ́n bébà tó kù ń sọ̀rọ̀. Ihò tí wọ́n fi ń gbé e ró wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà wà ní igun, àkọsílẹ̀ pẹ́ńsù wà létí: kí ojú lọ́ra, kí ọwọ́ yára. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò á rí ibi tí ọwọ́ ọ̀gá ti kúrò tí ti ọmọ-ẹ̀yìn bọ́ sí i. Fíìmù tó ti parí kò lè fi ìyẹn hàn. Ìdí nìyí tí n kò fi ka àwọn tó ń kó irú bébà báyìí jọ sí ẹni tó ń ṣeré lásán. Ẹ̀rí ni wọ́n ń tọ́jú.

Nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Frenkel ti gbé Mish-Mish Effendi jáde ní Cairo ní 1936, ọdún kan ṣáájú Snow White. Àmọ́ Moustapha Alassane ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀. Ọmọ Niger ni, aládùúgbò wa lápá àríwá. Iṣẹ́ mẹ́káníìkì ló kọ́kọ́ kọ́. Ó bá Jean Rouch tó ń ṣe fíìmù pàdé ní Niamey, ó sì dé Kánádà, níbi tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Norman McLaren, ọ̀gá tó ń ya àwòrán sórí téèpù fíìmù gan-an láìlo kámẹ́rà. Ní 1965, Alassane ṣe La mort de Gandji, èyí sì gba ẹ̀bùn kátúùnù níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar ní 1966. Lọ́dún 1966 kan náà ló ṣe Bon voyage Sim. Ọ̀pọ̀lọ́ ni gbogbo ènìyàn inú rẹ̀. Ààrẹ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ lọ kí ààrẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n yẹ́ ẹ sí, wọ́n lùlù fún un. Nígbà tó padà délé, wọ́n ti gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú bíi márùn-ún péré ni. Ẹ rántí pé 1966 yìí ni àwọn sójà kọ́kọ́ gbàjọba ní Nàìjíríà. Mo ti wo ọ̀pọ̀ fíìmù gígùn nípa ìṣèlú ilẹ̀ wa, n kò tíì rí èyí tó sọ ọ́ ṣókí tó sì wọnú tó báyìí. Alassane kú ní 2015, mélòó nínú wa ló sì gbọ́?

Ní Nàìjíríà níbí pàápàá, Adamu Waziri ti ń ṣe Bino and Fino ní Abuja láti 2010. Ebele Okoye, tó ń gbé ní Jámánì, ṣe The Legacy of Rubies ní 2015. Lady Buckit and the Motley Mopsters, kátúùnù gígùn, dé ilé sinimá ní oṣù Kejìlá 2020. Gbogbo wọn ṣáájú Iwájú. Iwájú fúnra rẹ̀ ńkọ́? Olúfikáyọ̀ Ziki Adéọlá ló darí rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Cinesite ló sì mú àwọn àwòrán náà rìn. Orúkọ wọn gùn lọ rẹrẹ níparí fíìmù, nígbà tí àwọn ọmọ wa ti pa fóònù.

Àwọn kan wà tó máa ń fẹ́ fi ìtàn mìíràn lé ti Disney lọ. Wọ́n ní láti ìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni kátúùnù ti ṣẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ère kan wà lórí ìbòjú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ń fi okùn fà kí wọ́n máa mira, ọgbọ́n ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n Reynaud kò rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kó tó ṣe tirẹ̀, Alassane kò sì ní kí a puró fún òun. Ohun tó jẹ́ tiwa tó bẹ́ẹ̀ láìfi irọ́ kún un.

Àwa ará ìhín gan-an ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ẹni tó bá yà kúrò ní Ìwàràjà, tó kọrí sí Èkìtì, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló máa kọ́kọ́ kàn nílẹ̀ Èkìtì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí ayé mọ̀ sí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley. British Museum fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ni wọ́n mọ̀, wọn kò bèèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ pẹ́ kí orúkọ Ọlọ́wẹ̀ tó wọ ìwé wọn, ó sì ti kú ní 1938. Nítorí náà, kíkó ojúlówó pamọ́ nìkan kò tó. Bí orúkọ kò bá sí lára rẹ̀, olówó ti gbé e lọ, ìgbàgbé sì ti bo ẹni tó ṣe é.

Òṣogbo fi òdìkejì rẹ̀ hàn wá. Títí dòní, àwọn kan ń sọ pé Ulli Beier, òyìnbó kan, àti Georgina ìyàwó rẹ̀ ló fún àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ Mbari Mbayo lọ́gbọ́n. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n fún wọn ní ọ̀dà àti ààyè, ìyẹn ò ṣe é sẹ́. Àmọ́ ẹ gbé irin tí Àṣírù Ọlátúndé fi òòlù lù di igi, ẹyẹ àti ènìyàn sọ́wọ́, ẹ ó rí alágbẹ̀dẹ níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ tó ti mọ irin kí ó tó mọ òyìnbó kankan. Iṣẹ́ náà wà, orúkọ wà lára rẹ̀, ó sì ń gbèjà ẹni tó ṣe é.

Mo fẹ́ kí ilé àkójọ irú iṣẹ́ báyìí wà fún kátúùnù lágbègbè wa. CBCIU, ibùdó àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Òṣogbo, tó ń tọ́jú àwọn fọ́tò àti ìwé Beier, lè ya yàrá kan sọ́tọ̀. Fásitì Iléṣà náà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpótí kan. Orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń yàwòrán báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi pẹ́ńsù wá ojú ẹ̀dá ìtàn wọn sínú ìwé kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Ìwé yẹn ni kí ẹ rà. Ẹ rà á lọ́wọ́ ayàwòrán fúnra rẹ̀, ẹ san owó tó nítumọ̀, pàápàá bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onílámínéètì, ooru ẹ̀rọ wọn yóò bà á jẹ́, ike náà kò sì ní ṣe é yọ mọ́. Ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń dé. Bó bá jẹ́ ike àtijọ́ lẹ ní, tó sì ń rùn bíi fínígà, ẹ yà á kúrò láàárín àwọn yòókù, torí ó ti ń jẹrà. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó yà á, orúkọ fíìmù àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí yíǹkì a máa yọ síwájú.